Fèrè Tí Aránṣọ Fi Ojú Dídì Yàn

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, fèrè ló há sí abíyá. Oorun ọ̀sán ti ń kùn Kábíyèsí, àwọn ìjòyè náà ti ń wá ọ̀nà ilé, àfi bí obìnrin kan ṣe já wọlé pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Aránṣọ ni. Bó bá ti ránṣọ tán nírọ̀lẹ́, fèrè idẹ, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní tírọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ló máa ń fọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti lọ bá ẹgbẹ́ olórin ńlá pé kí wọ́n gba òun, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni wọ́n sì ní kó máa lọ ná. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí yóò tún lọ, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ rárá.

Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta fèrè ní òpópónà kejì ni, Dángbinrin ni gbogbo ayé ń pè é, torí kò sí ohun tó wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í dán, títí kan orí rẹ̀.

"Kábíyèsí o! Ẹ gbà mí! Ọkùnrin yìí ta fèrè mi!"

Kábíyèsí la ojú kan. "Ta ni ó tà á fún?"

"Èmi ni."

"Mo ní, fèrè ta ni?"

"Tèmi náà ni, Kábíyèsí."

Kábíyèsí la ojú kejì. "Jókòó, ọmọ mi. Ẹ bu omi fún un. Ẹ bu tèmi náà wá."

Aránṣọ mu omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rò.

"Kábíyèsí, fèrè akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ọdún mọ́kànlá rèé. Olùkọ́ mi ló ní fèrè yẹn ló ń fà mí sẹ́yìn, pé kí n lọ ra fèrè ọ̀gá, irú èyí tí àwọn tó ń fi fèrè jẹun ń fọn. Mo ránṣọ títí ẹ̀yìn mi fẹ́ kán. Nígbà tí owó pé, èmi àti Olùkọ́ jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dángbinrin. Olùkọ́ ní kí wọ́n fi aṣọ dì mí lójú, pé ojú ń tanni jẹ, etí ló yẹ kó yan fèrè. Òun alára kọjú sí ògiri."

"Ó bá ògiri ṣọ̀rẹ́?"

"Kó má bàa wo èyí tó ń dán ni, Kábíyèsí. Dángbinrin wá ń gbé fèrè lé mi lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu fèrè tèmi, ibi tí à ń gbé ètè lé, ni mo ń yọ láti ara ọ̀kan bọ òmíràn. Èkíní kò ṣe mí bákan. Èkejì le bí òkúta. Ẹ̀kẹta ń yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ìgbà tó di ẹ̀kẹrin..." Ó gbé fèrè mọ́ àyà. "Kábíyèsí, mo sunkún. Ó dà bíi pé mo ti ìrìn àjò délé. Olùkọ́ sì pariwo láti ibi ògiri pé, 'Mú un! Òun nìyẹn!'"

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Ọ̀tún, àgbà ìjòyè, wí. "Kí ló wá dé?"

"Fèrè mi àtijọ́ ni! Mo ti gbé e sórí tábìlì wọn nígbà tí mo ń yọ ẹnu rẹ̀. Dángbinrin ṣèèṣì gbé e fún mi mọ́ tirẹ̀, ó rí i, kò sọ. Kí n tó tú aṣọ lójú, ó ti gbé e wọ yàrá ẹ̀yìn. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ kẹta, òun fẹ́ nù ún. Ó tún ibi tó ti tẹ̀ wọnú ṣe, ó fi fàdákà bò ó, ó gbé e fún mi nínú àpótí tuntun. Mo bèèrè èyí àtijọ́, ó ní kí n fi sílẹ̀, òun ti yọ díẹ̀ nínú owó nítorí rẹ̀. Mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́!"

Àwọn ìjòyè fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n wo ojú Kábíyèsí, wọ́n gbé e mì.

"Báwo lo ṣe wá mọ̀?"

"Òógùn ọwọ́ mi ló tú u fó. Fàdákà ń bó, mo wo abẹ́ rẹ̀, mo rí ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o fún mi lọ́dún kẹta."

"Dángbinrin, kí lo rí sọ?"

Dángbinrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kádé pẹ́ lórí. Mi ò jalè, mi ò sì purọ́. Ó ní, 'Èyí ni mo fẹ́.' Ṣé kí n wá máa bá oníbàárà jiyàn? Bí ènìyàn bá wọ bàtà wá sí ṣọ́ọ̀bù, tó bọ́ ọ, tó ní nínú gbogbo bàtà tó wà níbẹ̀, èyí ló wu òun jù, ta ni èmi tí n óò ní kò dáa?"

"O sì gba owó bàtà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Owó ìtẹ́lọ́rùn ni mo gbà, Kábíyèsí. Ẹ ò gbọ́ pé ó sunkún ni? Kò sẹ́ni tó sunkún lórí ọjà mi nínú ṣọ́ọ̀bù rí. Wọ́n máa ń délé ná."

Ọ̀tún rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Wọ́n pe wẹ́dà, gíláàsì dúdú iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà níwájú orí.

"Ìwọ lo jó fèrè yìí?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Ẹ wò ó, ó rí wúruwùru. Kò sẹ́lòmíràn tó lè jó o burú tó báyìí nílùú yìí. Géètì ni mo máa ń jó."

"Ojú ò tì ọ́?"

"Ó ń tì mí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ó wá kan Olùkọ́, bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ọ̀rùn rẹ̀ gùn.

"Olùkọ́, kí lo máa ń pe fèrè yìí?"

"Agolo òfìfo, Kábíyèsí. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n."

"Nígbà tí o kọjú sí ògiri ńkọ́?"

Olùkọ́ wo àjà ilé. "Mo ní... ohùn wúrà nìyẹn."

"Agolo ni àbí wúrà?"

"Láti iwájú, agolo ni. Láti ẹ̀yìn, bí ògiri bá wà níbẹ̀... ògiri yẹn dáa púpọ̀, Kábíyèsí."

"Kí Dángbinrin yáa ta ògiri fún un!" ni Ọ̀tún wí.

"Èmi ò tilẹ̀ sọ pé kó rà á," ni Olùkọ́ bá tún fi kún un.

"Olùkọ́! Ẹ pariwo 'Mú un'!" ni aránṣọ ké.

"Ikọ́ ló ń ṣe mí."

Ẹ̀rín gba ààfin, ìyẹn tiẹ̀ jí ẹ̀ṣọ́ tó ti sùn lọ lẹ́nu ọ̀nà. Aránṣọ nìkan ni kò rín. Ó ń wo fèrè ọwọ́ rẹ̀.

"Kábíyèsí," ni ó wí wẹ́rẹ́, "kì í ṣe owó ló dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀mejì tí wọ́n dá mi padà, mo sọ fún ọkọ mi, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé fèrè ni kò dáa. Bí fèrè bá wá dáa, a jẹ́ pé èmi ni mi ò dáa."

Kábíyèsí ní kí Dángbinrin sáré lọ kó àwọn fèrè mẹ́ta yòókù wá. Ó kó wọn dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"La ojú rẹ dáadáa," ni Kábíyèsí wí fún aránṣọ. "Fọn èyí tó le bí òkúta."

Ó fọn ún. Ohùn lọ sókè, ó dé àárín ọ̀nà, ó ya pẹ́ẹ́rẹ́.

"Kí ló fa ìyẹn?"

"Mo jẹ́ kí ètè mi dẹ̀."

"Fọn orin kan náà lórí ti àtijọ́."

Ó fọn ún, ó dùn, ó sì ń tẹ̀síwájú bíi pé kò sí nǹkan kan. Lójijì ló gbé fèrè kúrò lẹ́nu. Ó ti mọ̀ pé ètè òun tún dẹ̀ níbi kan náà.

"Ètè mi dẹ̀, Kábíyèsí, fèrè yìí ò sì sọ. A ti mọra jù. Ó mọ ibi tí mo máa ń ṣubú sí, ó ti tẹ́ ẹní dè mí níbẹ̀. Èmi ò gbọ́ ìṣubú náà mọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ olórin ń gbọ́ ọ."

Oorun dá lójú Kábíyèsí pátápátá.

"Mo ti gbọ́. Fèrè tó ń bo àṣírí ẹni, ọ̀rẹ́ ni. Èyí tó ń tú àṣírí ẹni, ọ̀gá ni, fèrè ọ̀gá lo sì sanwó fún. Aránṣọ, gbé òkúta yẹn lọ sílé. Fọn ún níwájú máṣínì rẹ fún ọjọ́ méje, kí Olùkọ́ má débẹ̀. Bó bá ń bí ọ nínú lójoojúmọ́, tí o sì ń padà sídìí rẹ̀, tìrẹ ni. Bí kò bá bí ọ nínú rárá, dá a padà, mú òmíràn, Dángbinrin kò gbọdọ̀ bèèrè kọ́bọ̀. Èyí àtijọ́, yá Dángbinrin fún oṣù mẹ́ta."

"Mo yá a, Kábíyèsí. Kó ṣáà má tún fi nǹkan bò ó."

"Dángbinrin, láràárọ̀ ni wàá máa fọn ún, Olùkọ́ ni yóò máa kọ́ ọ, títí o fi máa mọ fèrè yàtọ̀ sí dídán. Olùkọ́, iwájú rẹ̀ gan-an ni kí o jókòó sí. Kò sí ògiri fún ọ mọ́."

Olùkọ́ bú sẹ́kún. Ọ̀tún gbọn etí. "Kábíyèsí, níbo ni wọ́n á ti máa fọn ún?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀."

"Yéè! Ẹ̀yìn fèrèsé yàrá mi ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wà! Kí lẹ̀ṣẹ̀ mi?"

"Ìwọ lo rẹ́rìn-ín jù."

Bẹ́ẹ̀ ni ilé túká. Aránṣọ kò lè mú sùúrù délé. Orí àtẹ̀gùn ààfin ló ti gbé fèrè òkúta náà lé ẹnu, ó fọn ún, ó ya. Ó tún un fọn, ó ya ju ti àkọ́kọ́ lọ.

"Ìyá aránṣọ," ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wí, "fèrè yìí náà ò dáa ni?"

"Ó dáa gan-an ni." Inú rẹ̀ dùn, ó dùn débi pé ó ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. "Èmi ni mo ṣì í fọn."

Ó nu ètè, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.