Àfòpiná Níbi Ìgbéyàwó Wendy

"Tú àpò ẹ."

"Beryl, mo ti tú u lẹ́ẹ̀mejì."

"Tú u lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ló wà nínú ìbọ̀sẹ̀ ẹ?"

"Ẹsẹ̀ mi ni."

"Clifford! Bí mo bá rí àfòpiná kan ṣoṣo ní ṣọ́ọ̀ṣì lónìí, kan péré o, màá dáná sun ahéré ẹ̀yìnkùlé yẹn. Tòun ti gbogbo ìwé inú ẹ̀."

"Ìwé ọgbọ̀n ọdún?"

"Á jó dáadáa. Ó ti gbẹ."

Kíá ni Clifford Thirtle tú àpò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lágbègbè irà Norfolk. Gbogbo àfòpiná tó bá rí ló ń kọ sínú ìwé wọ̀nyẹn, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Lọ́jọ́ tí Beryl ìyàwó rẹ̀ ń rọbí Wendy ọmọ wọn, àárín ìféfé ni Clifford wà, omi mù ún dé ìbàdí, ó ń dúró kí àfòpiná kan na ìyẹ́.

Wendy yìí náà ló wá fi ìgbéyàwó sí ìparí oṣù Épírì.

Ìparí Épírì!

Ìgbà yẹn gan-an ni abo àfòpiná ńlá inú irà máa ń jókòó jẹ́ẹ́ lára koríko bí oòrùn ọ̀sán bá ti ràn. Kì í lọ síbì kankan. Òórùn ara rẹ̀ ló ń rán níṣẹ́. Imú èèyàn ò lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n akọ tó wà ní máìlì méjì á gbọ́, á sì máa sáré bọ̀ bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó.

Clifford ní irú abo bẹ́ẹ̀ kan nínú àgò nínú ahéré. Àmọ́ ilé ló fi í sí. Tọkàntọkàn ló fi í sílé!

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà gbójú sókè nínú ìwé.

"Bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ so àwọn méjèèjì yìí pọ̀, kó sọ̀rọ̀ nísinsìnyí."

Fìrì!

Àfòpiná kan gba ojú fèrèsé wọlé, ó fẹ̀ tó àwo tíì, àmì bí ojú mẹ́rin róbótó wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Ó bà lé èjìká Clifford.

Beryl yí ọrùn díẹ̀díẹ̀.

"Clifford."

"Kò mọ̀ mí rí."

Fìrì! Fìrì! Fìrì-fìrì-fìrì!

Mẹ́ta. Méje. Mẹ́rìnlá! Ọ̀kan bà sórí ìwé àlùfáà. Àlùfáà tẹjú mọ́ ọn.

"Ṣé ìwọ lo ní ẹ̀sùn?"

Yéè, ẹ̀rín fẹ́ pa àwọn ará ìjókòó ẹ̀yìn!

"Níbo lo fi abo yẹn pamọ́ sí?" Beryl ń payín keke.

"Ó wà nílé! Mo fi Wendy búra!"

"Ẹ má fi mí búra, Dádì!"

Clifford tẹjú mọ́ apá kóòtù rẹ̀. Ó ronú.

"Beryl, níbo ni kóòtù yìí sùn mọ́jú?"

Ohùn Beryl rọ̀ wọ̀ọ̀. "Káńfọ̀ ń rùn lára ẹ̀. Mo gbé e kọ́ sínú ahéré kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Lókè àgò kan báyìí."

"Àgò wo?"

"Èyí tí nǹkan onírun wà nínú ẹ̀."

Clifford bọ́ kóòtù, ó sọ ọ́ síta, wòó! Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá tẹ̀ lé e. Àlùfáà mí kanlẹ̀.

Fìrì!

Àwọn mìíràn tún dé. Wọn ò tilẹ̀ wo Clifford. Wọ́n kọjá lára ìyàwó, wọ́n kọjá lára àlùfáà, ó di orí àkẹtẹ̀ Beryl.

"Àkẹtẹ̀ yẹn ńkọ́? Níbo lòun sùn?"

"Orí àgò náà ni mo gbé e lé."

Àfòpiná bo àkẹtẹ̀ débi pé ẹnikẹ́ni ò rí àkẹtẹ̀ mọ́. Clifford yọ pẹ́ńsù, ó fi ìwé orin bo ẹnu.

"Mẹ́tàdínlógójì… méjìdínlógójì…"

Láti ọgbọ̀n ọdún, kò rí irú ẹ̀ rí!

Àlùfáà so tọkọtaya pọ̀ wàràwàrà bí ẹni tí bọ́ọ̀sì fẹ́ fi sílẹ̀. Beryl dìde, ó nàró ṣánṣán, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà, àfòpiná ń wọ́ tẹ̀ lé e bí èéfín. Clifford ti ń fojú inú wo ìṣáná.

Lẹ́nu ọ̀nà, Beryl bojú wẹ̀yìn.

"Orúkọ tèmi ni kó o kọ sínú ìwé yẹn o! Kóòtù tìẹ, mẹ́rìnlá péré ló pè!"