Pẹ́dà Láníhùn Kò Nìkan Wálé

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé, ẹni tó bá gba pẹ́dà kan lálejò, gbogbo ẹbí rẹ̀ ló gbà? Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín! Láníhùn kò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀ o.

Láníhùn yìí ń fẹ́ Mojírọ́lá ará Òkè-Awo. Bàbá ọmọ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: "N kò ní fi ọmọ mi fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Gun kẹ̀kẹ́ wá kí mi ní Sátidé kó tó di ọ̀sán gangan. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, mo ti rí ẹlòmíràn."

Kí ló le nínú kẹ̀kẹ́? Láníhùn ṣáà ní èyí tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Àfi bí pẹ́dà ọ̀tún, ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ṣe já bọ́ láàárọ̀ Sátidé gan-an!

Ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù Múfú tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́. Pẹ́dà ilé-iṣẹ́ tuntun kan tí wọ́n ń pè ní Ọ̀kẹ́rẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀. Láníhùn yí i títí, kò wọlé.

Múfú ní, "Ẹ̀gbọ́n, ti Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í bá ti ẹlòmíràn lọ. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ lè máa padà wá. Ẹ mú irin tó ń gbé e ró mọ́ ọn."

"Gbé e wá kíá!"

Irin dé, kò gba ṣéènì. Ṣéènì Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, kò gba táyà ẹ̀yìn. Táyà Ọ̀kẹ́rẹ́ dé, ó sanra ju àyè rẹ̀ lọ.

"Yéè! Ṣebí pẹ́dà ni mo wá rà!"

Múfú ní kó fọkàn balẹ̀, kó kúkú fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ odindi Ọ̀kẹ́rẹ́. Láníhùn wojú oòrùn, ó gbà. Gbogbo rẹ̀ pé, ó ku ìjókòó.

"Ìjókòó Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣì wà lórí òkun," ni Múfú wí.

"Ti bàbá mi ńkọ́?"

"Kò wọ ihò wọn."

Bí Láníhùn ṣe fi ìdúró wa kẹ̀kẹ́ ní máìlì mẹ́jọ nìyẹn! Ó dé Òkè-Awo kó tó di ọ̀sán, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Baba, kò lè dìde mọ́. Baba retí kó dìde títí, omijé ayọ̀ bọ́ lójú Baba.

"Irú ọ̀wọ̀ wo nìyí! Mojírọ́lá di tìrẹ." Baba wúkọ́ díẹ̀. "Àmọ́ kì í gbé ibi tí ìyá rẹ̀ àgbà kò bá sí. Ìyá àgbà náà kì í lọ síbì kan láìsí àbúrò rẹ̀. Àbúrò náà kì í sì í fi ewúrẹ́ rẹ̀ mẹ́fà sílẹ̀."

Láníhùn gbórí sókè nínú eruku. "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ ń bá àwọn Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ ni?"

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé Láníhùn. Ẹ ò wá rí i pé àwọn àgbà kò purọ́: ẹni tó bá gba pẹ́dà kan lálejò, gbogbo ẹbí rẹ̀ ló gbà.