Àìsàn Tí Olóyè Ọdúntán Yá Lò

Olóyè Ọdúntán Akínladé kì í kọjá níwájú dígí láìkí i. Bó bá ti rí ara rẹ̀, á ṣí fìlà díẹ̀, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú, Olóyè." Ta ló fi í joyè? Ẹ má bi mí. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló kọ lẹ́tà oyè sí ara rẹ̀, tó sì fèsì pé òun gbà.

Oríkì tó fún ara rẹ̀ ni Aláàánú Àgbáyé. Àwa ará Òṣogbo ní tiwa: Bí-kò-sí-fọ́tò-àánú-dọ̀la. Bó bá fún arúgbó ní búrẹ́dì, búrẹ́dì á ti gbẹ kí wọ́n tó ya fọ́tò tán. Àwọn àgbà ní aṣoore tó lóṣòó tì í, bí aláìṣe ni. Olóyè kì í lóṣòó ní tiẹ̀. Ẹní ló máa ń tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oore, á sì gbé ìrọ̀rí sí i.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìrọ̀rí náà ṣe bọ́ kúrò lábẹ́ orí rẹ̀.

Aránṣọ kan wà nítòsí Ọjà Ọba tó ń jẹ́ Kifayat. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ dá a dùbúlẹ̀. Irun orí rẹ̀ re tán. Àwọn ẹbí ti ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ṣàdúà, irú èyí tí wọn kì í fẹ́ kí aláìsàn gbọ́. Ṣùgbọ́n oògùn bá a lára mu, ó yè. Oògùn yẹn náà ni wọ́n fún Humairah, obìnrin tí ibùsùn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Humairah kú.

Kifayat bi dókítà pé kí ló fa ìyàtọ̀.

Dókítà ní, "A ò tíì mọ̀. Ó gba ìwádìí, ìwádìí sì ń gba owó."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ le, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó fún àwọn oníwàádìí, láti mọ́ṣáláṣí dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ibi tí Olóyè ti gbọ́ nìyẹn.

"Èmi ni kó o fi ṣe alága ìkówójọ náà," Olóyè wí. "Màá gba gbọ̀ngàn ńlá fún ọ ní Iléṣà, ní ìlú àwọn bàbá mi."

"Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

"Fọ́tò ta ló máa wà lára pátákó ìkéde?"

"Ti Humairah ni mo rò, sà. Ẹni tó kú yẹn."

"Òkú kì í pe èrò," ni Olóyè fi dá a lóhùn. Nígbà tí pátákó jáde, ojú Olóyè tó atẹ, orúkọ Kifayat sì wà nísàlẹ̀ bí èèrà tó sọnù.

Síbẹ̀, ibi yòówù tí wọ́n bá dé, Kifayat ni wọ́n ń dì mọ́. Òun ni wọ́n ń sunkún fún. Kò sẹ́ni tó sunkún fún Olóyè, ó sì dùn ún. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò, Kifayat nìkan ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀. Ni Olóyè bá já máíkì gbà.

"Èmi náà ti ní in rí!"

"Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, sà?" ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò bi í.

"Tèmi tiẹ̀ ju tirẹ̀ lọ! Íńdíà ni mo wà ní gbogbo oṣù Kérésì tó kọjá. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ mi jáde, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a, wọ́n dá a padà."

Kifayat wò ó. "Sà, níbo ni wọ́n ti gún yín lábẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń fa mùdùnmúdùn inú egungun?"

"Ní apá."

"Apá, sà? Egungun ìbàdí ni wọ́n ti fa tèmi."

"Apá méjèèjì!"

Kifayat mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n kò já a. Orúkọ Olóyè ni wọ́n fi gba gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn sì ti múra. Kó tó délé, Olóyè ti kéde pé inú àpò Àjọ Ìyè Ọdúntán ni kí gbogbo owó máa wọ̀.

"Sà, àwọn oníwàádìí ńkọ́?"

"Kí wọ́n wá wádìí mi!"

Àbí ẹ ò rí nǹkan. Jẹjẹrẹ ló mú Kifayat, jíjèrè ló mú Olóyè.

Lọ́jọ́ ìkówójọ, gbọ̀ngàn Iléṣà kún. Olóyè fi ọ̀pá tẹlẹ̀ wọlé, ó ń wúkọ́. Ó gba máíkì. "Nígbà tí ikú dé ọ̀dọ̀ mi ní Íńdíà, mo ní, 'Ikú, ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀?'"

Ariwo ẹkún sọ lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá arúgbó kan ń sáré bọ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, ìkejì lọ́wọ́. Ìyá tó bí Olóyè ni, Màmá Cecilia. Inú oko kòkó ní Ìpérindó ni wọ́n wà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn tí rédíò aládùúgbò fi kéde pé jẹjẹrẹ ti mú ọmọ wọn rí. Èdè Ìjẹ̀ṣà tó ki ni wọ́n ń sọ, ẹ jẹ́ kí n tú u.

"Ọdúntán! Àìsàn ńlá báyìí ṣe ọ́, o ò sọ fún mi!" Wọ́n gun orí pèpéle, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, wọ́n ṣí ìpéǹpéjú rẹ̀ wò bí ẹni fẹ́ ra ewúrẹ́.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Ìgbà wo ló ṣe ọ́?"

Kàbírù tó ń darí ètò fẹ́ ran Olóyè lọ́wọ́. "Màmá, ní oṣù Kérésì tó kọjá ni, ní Íńdíà."

Ẹkún Màmá dá. "Kérésì wo? Ṣebí ọ̀dọ̀ mi lo wà! Eéwo ìdí ló ń dà ọ́ láàmú! O ní o ò lè jókòó, pé àwọn ará Òṣogbo ò gbọdọ̀ rí ọ. Ta ló ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ fún ọ láàárọ̀ lálẹ́? Ṣé èmi ni Íńdíà ni?"

Ẹ̀rín bú bí òjò orí páànù. Ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn pé, "Olóyè Eléewo, ẹ kú àbọ̀ láti Íńdíà!"

"Màámi," Olóyè ń kólòlò, "inú ẹ̀jẹ̀ náà ni eéwo ti ń wá."

Gbọ̀ngàn fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Ó fẹ́ sá, Màmá di agbádá rẹ̀ mú. "Jókòó. Ṣebí eéwo ti san." Wọ́n yíjú sí èrò. "Ta ni àìsàn yìí ṣe gan-an?"

Kifayat rọra nawọ́. Màmá bọ́ sílẹ̀, wọ́n jókòó tì í.

"Ṣé ó dùn ọ́, ọmọ mi?"

Láti ọjọ́ tí pátákó ti jáde, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn. Ó sọ fún wọn bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọ egungun, àti inú àpò tí owó ìwádìí ń wọ̀ báyìí. Ó sọ ti Humairah, tí wọ́n jọ máa ń pín ọsàn jẹ. "Nígbà tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ó ní kí n máa jẹ ẹ́, kí òun máa gbóòórùn rẹ̀."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Màmá Cecilia tú gèlè orí wọn, wọ́n tẹ́ ẹ bí àpò. "Àwọn tó ń ṣèwádìí la fẹ́ fún o. Kì í ṣe àjọ ẹnikẹ́ni." Wọ́n ń lọ láti àga dé àga, kò sì sí àga tí wọ́n fò, títí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ wọn.

Olóyè yọ owó. Ó gbé e sókè, ó tún fìlà ṣe, ó kọjú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó gbé fóònù sókè.

"Jù ú síbẹ̀," ni Màmá wí. "Apá ń ro mí."