Àna Mi, Ẹyẹ Àgbà-Odò àti Èmi

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láyé, bí mo tilẹ̀ ti dàgbà dé ibi tí mo ń wá awò ojú mi kiri nígbà tó wà lójú mi. Ọdún díẹ̀ ni lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira, èmi náà sì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin tí irun orí rẹ̀ pọ̀ ju ọgbọ́n orí rẹ̀ lọ. Ohun méjì péré ni mo ń fẹ́ nígbà náà. Mo fẹ́ fi Múnírá ṣe ìyàwó, mo sì fẹ́ dé kẹpí, ìyẹn fìlà líle tí àwọn gáàdì ìjọba máa ń dé. Ẹ má rò pé ohun méjèèjì ò tan mọ́ra. Bí kò bá sí kẹpí, kò sí Múnírá.

Àbàtà ńlá kan wà lọ́nà Lagbé, ní ìtòsí Ìfọ̀nyìn ìlú wa, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Igi ọ̀gọ̀rọ̀ yí i ká, ojúoró bo ojú omi rẹ̀, gbogbo ẹyẹ tó bá sì ń rìnrìn àjò ló ń yà síbẹ̀ sinmi. Ìjọba tuntun ní kí a máa dáàbò bo ibẹ̀. Pátákó ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá, wọ́n fi Faransé kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọlé, àwọn obìnrin tó ń hun ẹní sì ń sá ẹní wọn lé e lórí. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa, tí gbogbo ìlú ń pè ní Mẹ́tìrì, ló dá Ẹgbẹ́ Aṣọ́yẹ sílẹ̀. Òun ló ni jùmẹ́lì, awò ojú méjì tó ń sún ohun tó jìnnà mọ́ni, tí òyìnbó kan fi sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sílé. Ọ̀kan ṣoṣo ni jùmẹ́lì yìí, àwa mẹ́sàn-án là ń lò ó. Kó tó kàn ọ́, ẹyẹ tí wọ́n ní kí o wò ti fò lọ, o ó kàn máa wo ẹ̀ka igi lásán, o ó sì ní, "Ó mà dára o."

Gbogbo àárọ̀ Sátidé la máa ń kọ iye ẹyẹ sínú ìwé, èmi sì ni akọ̀wé. Ahunẹní kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Ìyá Eléní, kò jù mí lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ inú àbàtà bí ẹni mọ yàrá rẹ̀. Kò gbà láé pé ká ka ẹyẹ tó bá lọ́mọ nínú ìtẹ́. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àbúrò," ni yóò wí, yóò sì já kálámù gbà lọ́wọ́ mi. Báyìí ni ìwé wa ṣe kún fún ohun tí n kò rò pé ìjọba kankan rí irú rẹ̀ rí: lékeléke, mẹ́rìnlélógójì, pẹ́pẹ́yẹ odò, wọ́n pọ̀ díẹ̀, ẹ̀gà, Ọlọ́run ló mọ iye wọn.

Ìyá Eléní kan náà ló ń bá wa gba ìkíni. Ẹ̀bá ọ̀nà oko ni àgọ́ tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ kọ́ láti fara pamọ́ wà, kò sì sí ọmọlúàbí tí yóò rí ènìyàn mẹ́sàn-án tó ká gúlútú sábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tí kò ní kí wọn. "Ẹ kú àárọ̀ o! Ẹ kú ìjókòó! Ṣé kò sí o?" Bí a bá dáhùn, ẹyẹ á fò. Bí a ò bá dáhùn, wọ́n á ní Mẹ́tìrì ti kọ́ wa ní ìgbéraga. A wá fi Ìyá Eléní sójú ọ̀nà lókèèrè, kó máa bá gbogbo ayé kíra níbẹ̀, kí wọ́n lè kọjá lára wa ní ìdákẹ́jẹ́. Ètò yìí dára, a sì fi ṣe fọ́ńté.

Ẹni tí kò rí nǹkan gidi nínú gbogbo èyí ni bàbá Múnírá. Apẹja ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá sọ máa ń dúró síbi tó bá bà. Nígbà tí mo lọ fi ara mi hàn wọ́n, wọ́n ní:

"Kí ni iṣẹ́ rẹ?"

"Mo ń ṣọ́ ẹyẹ, Bàbá."

"Ta ló ni wọ́n?"

"Kò sẹ́ni tó ni wọ́n, Bàbá."

"Ṣé wọ́n sọ fún ọ pé àwọn fẹ́ sá lọ ni?"

"Rárá, Bàbá. A kàn máa ń wò wọ́n ni."

Bàbá fi Faransé gbà á pé ó dáa. "Bọ̀n. N kò ní fi ọmọ mi fún ilé tí kò sí iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ tí ìjọba bá fi fìlà dé ọ lórí nítorí wíwò, kí àwọn ẹbí rẹ wá bá mi."

Ẹ̀ṣẹ̀ kan tún wà lọ́rùn mi. Mo ti pàdé Bàbá lọ́jà lọ́jọ́ kan tí mo wọ ṣòkòtò funfun tuntun, mo sì tẹrí ba díẹ̀ dípò kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá mi pé egungun ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ le jù, pé bí mo bá tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á wá ẹni tí egungun rẹ̀ rọ̀ fún Múnírá. Ọ̀kan tiẹ̀ wà ní Tchaada tí egungun tirẹ̀ rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, ó sì tún ní kẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ náà, oorun mi ò dùn mọ́.

Ìgbà náà ni ìròyìn dé pé ọ̀gá àwọn gáàdì igbó ń bọ̀ láti Àjàṣẹ́, olú ìlú Dàhòmì, wá yan ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tí yóò máa ṣọ́ àbàtà. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí Àgbà-Odò. Ẹyẹ ńlá kan lèyí, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ọlọ́rùn gígùn, tó máa ń dúró sójú kan nínú omi bí àgbàlagbà tó ń ro ẹjọ́. Àwa la sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Mẹ́tìrì yá mi ní ṣòkòtò kakí rẹ̀ kí n lè jọ ẹni ìjọba. Mẹ́tìrì rí tín-ín-rín. Ní tèmi, gààrí ni ìyá mi ń ṣe tà, ẹ ti mọ bí ìdí mi ṣe tó.

Ọ̀gá dé ní kùtùkùtù, ó gbé kẹpí tuntun kan sórí itan, ó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa. "Ìdákẹ́jẹ́ ni iṣẹ́ yìí," ló wí. "Ẹni tó bá lé ẹyẹ lọ kò lè ṣe gáàdì." Mo mi orí, mo lóṣòó níwájú rẹ̀. Bí mo ṣe lóṣòó ni ṣòkòtò ya, fàà, láti ìbàdí dé itan. Àwọn lékeléke gbé orí sókè. Èmi náà yíjú wo Mẹ́tìrì bí ẹni pé òun ni, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mọ ohùn ṣòkòtò rẹ̀. Mo rọra fi ẹ̀yìn ti ògiri imọ̀ ọ̀pẹ kí ojú má baà rí ohun tí kò yẹ kó rí.

N kò mọ̀ pé ìjàlọ ti fi ògiri náà ṣe ilé. Ìjàlọ ò sì mọ ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìjọba. Wọ́n gba ojú ihò wọlé, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo di eyín, mo di ẹ̀ṣẹ́, omi ń dà lójú mi pòròpòrò, n kò mira. Nígbà náà gan-an ni Àgbà-Odò balẹ̀ sínú omi níwájú wa. Ọ̀gá yíjú, ó rí omijé mi, ó sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ fún Mẹ́tìrì pé, "Bọ̀n. Ẹni tó fẹ́ràn ẹyẹ dénú nìyí." Ọwọ́ rẹ̀ ti lọ sára kẹpí. Orí mi wú. Ó ku díẹ̀ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjàlọ.

A ti dí ojú ọ̀nà pa fún ìkíni, a gbàgbé pé omi náà ọ̀nà ni. Ọkọ̀ kékeré kan yọ láti ẹ̀yìn igi ọ̀gọ̀rọ̀. Bàbá Múnírá ni, wọ́n ń bọ̀ wá wo ìgèrè tí wọ́n dẹ fún ẹja. Wọ́n gbójú sókè, ojú àwa méjèèjì ṣe mẹ́rin láti ojú ihò àgọ́. Wọ́n gbé àjẹ̀ lé itan, wọ́n rọra yí ojú sápá kan, wọ́n sì dúró. Ẹni tó bá mọ àwọn àgbà wa mọ irú ìdúró yẹn. Wọ́n ń fún mi láyè ni.

Ẹ bá mi rò ó. Bí mo bá kí wọn, kẹpí lọ. Bí n kò bá kí wọn, Múnírá di ti ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ Tchaada. Bí mo bá sì dojú kọ àna, ihò ṣòkòtò á dojú kọ ìjọba. Ọgbọ́n kan wá sọ sí mi lórí, irú ọgbọ́n tó máa ń wá bá òmùgọ̀. Mo ní ta ló sọ pé ìdọ̀bálẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ariwo? Mo rá kòrò jáde ní ìdákẹ́jẹ́. Koríko tútù kan tẹ́ rẹrẹ níwájú àgọ́, ẹyẹ kékeré kan sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni ń ṣe fàájì. Mo ní ibi tó gba ẹyẹ á gba èmi náà. Mo kó ara mi jọ, mo sì na gbalaja.

Ojúoró ni. Àwọn baba wa ní ojúoró ní í lékè omi. Wọn ò dárúkọ mi mọ́ ọn. Mo rì bí ọlọ. Nígbà tí mo fi máa fẹsẹ̀ tilẹ̀, omi dé àyà mi, ojúoró kan jókòó sí àtàrí mi, ẹrẹ̀ kún etí mi. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti tàn bí oòrùn. Ìkíni ti dé, ìdáhùn sì gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, Bàbá," ni mo wí, omi sì jáde ní imú mi.

"Bàbá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà, Bàbá."

"Ìyá rẹ ńkọ́? Ṣé gààrí ń tà?"

"Ó ń tà, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ bàbá bàbá rẹ tó ń dùn wọ́n?"

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ẹyẹ kankan ò mira. Àgbà-Odò dúró jẹ́ẹ́, ó ń gbọ́ ìròyìn ilé wa. Ẹni tí ara rẹ̀ ò gbà á ni ọ̀gá. Ó ti ń wo ihò ṣòkòtò, ó ti ń wo ìdọ̀bálẹ̀, ó ti fara da ìkíni dé orí bàbá àgbà, ó dìde fùú, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe ní Faransé pé kí a dákẹ́: "Silãsì!"

Orí rẹ̀ gbé òrùlé àgọ́, àgọ́ wó lé ẹgbẹ́ lórí. Àwọn lékeléke gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ọ̀run funfun. Pẹ́pẹ́yẹ lọ, ẹ̀gà lọ. Àgbà-Odò ló lọ kẹ́yìn, ó sì kọ́kọ́ wo ọ̀gá tìkà-tẹ̀gbin.

Bàbá yí ọkọ̀ díẹ̀. "Ta ni ọkùnrin tó ń pariwo yẹn?" ni wọ́n bi mí. "Ṣé kò mọ̀ pé ẹyẹ ń bẹ níbí ni?"

Wọ́n wá mú ẹja kékeré kan jáde nínú ìgèrè, wọ́n nà án sókè, wọ́n súfèé lẹ́ẹ̀mejì. Àgbà-Odò yí po lójú ọ̀run, ó padà wá, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó sì gba ẹja náà lọ́wọ́ wọn. "Ó ti pẹ́ tí a jọ ń jẹun àárọ̀," ni Bàbá wí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí ibi tí ìtẹ́ kọ̀ọ̀kan wà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé, èyí tí ejò kó ẹyin rẹ̀ ní èṣí. Ọ̀gá ya ẹnu sílẹ̀. Ó yọ lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ó wọ inú omi tòun ti bàtà, ó sì fi kẹpí lé orí Bàbá, lórí fìlà tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́ fún yín, ẹkún gbọ̀n mí nínú omi yẹn, kì í sì ṣe ti ìjàlọ mọ́. Gbogbo ohun tí mo ń fẹ́ láyé ló dúró sórí àna mi yẹn. Mo ní, "Bàbá, ọ̀rọ̀ Múnírá wá ńkọ́?"

Bàbá ro ó lábẹ́ kẹpí. "Mo ní n kò ní fi ọmọ mi fún ilé tí kò sí iṣẹ́ ìjọba. Bọ̀n. Iṣẹ́ ìjọba ti wà nínú ẹbí báyìí, kí ló tún kù? Gun ọkọ̀, kí o máa wà á. Gáàdì kì í wa ọkọ̀ fúnra rẹ̀."

Ìyá Eléní ti sáré dé láti ojú ọ̀nà, ó sì fi ẹní tuntun wé mi láti àyà dé ẹsẹ̀ kó tó jẹ́ kí n gun ọkọ̀. Bí mo ṣe wà nínú ẹní náà ni mo gbé àna mi dé ilé. Múnírá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ bí Bàbá ṣe ń fi kẹpí han ìyá rẹ̀ nínú ilé, tí wọ́n sì ń ròyìn. Nígbà tí Múnírá bọ́ sọ́dọ̀ mi, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. "Bàbá ní o kí àwọn dáadáa lónìí," ló wí. "Wọ́n ní àwọn ti rí ẹni tó kí àna dé ilẹ̀, àwọn ò tíì rí ẹni tó kí àna kọjá ilẹ̀."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi wa ọkọ̀ fún gáàdì, kí wọ́n tó so wá pọ̀ àti lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé kí ènìyàn máa fi ẹsẹ̀ kan wo ibi tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ sí, kó sì bi àwọn àgbà tó wà nítòsí rẹ̀ ní ohun tí wọ́n mọ̀, kó tó lọ máa fi jùmẹ́lì wá a lókèèrè. Ẹyẹ tí mo fi ọdún méjì yọjú wò, àna mi ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀. Nígbà tí Bàbá fẹ̀yìn tì, mo ní ó ti kàn mí wàyí, mo tilẹ̀ fá irun mi kí kẹpí lè wọ orí mi. Àbúrò Múnírá ọkùnrin ni wọ́n gbé e fún. Ọmọ tí mo gbé jó ni, ṣùgbọ́n àna kò ní kékeré. Gbogbo ìgbà tó bá dé kẹpí yẹn kọjá, mo ń tẹrí ba fún un, mo sì ń fi ẹ̀rín kékeré bo ohun tó ń dùn mí.