Ajá Tó Ń Jẹ́ Dákẹ́

Wíín! Wíín! Wííííííín!

Télọ̀ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó tẹ́tí. Ó mú ike epo, ó kán an sí máṣíìnì lójú, ó kán an sí i nídìí, ó tún fi díẹ̀ pa á lára bí ẹni ń pa òróró fún ọmọ tuntun.

"Ó tó, ó tó," ló wí fún máṣíìnì. "Mo ti gbọ́ ẹ."

Wííííííín!

Máṣíìnì kọ́ ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ ajá ni!

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gbé e wá fún un láàárọ̀ ọjọ́ yẹn nínú páálí bàtà. Kò tóbi ju búrẹ́dì lọ. Etí rẹ̀ kan nàró, èkejì sùn kalẹ̀ bíi pé kò sanwó ilé. Ẹ̀gbọ́n ní, "Àbúrò, ìwọ nìkan lò ń dá gbé. Ọ̀rẹ́ nìyí. Kò ní yọ ẹ́ lẹ́nu rárá." Bó ṣe sọ̀rọ̀ tán ló ti sáré sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó gbé ọ̀rẹ́ wá fún èèyàn tó wá ń sáré lọ, ṣé kò yẹ kéèyàn bi í pé kí ló ń lé e?

Télọ̀ ò bèèrè. Ajá ọ̀hún sùn, Télọ̀ padà sídìí iṣẹ́, ó gbàgbé pé òun lálejò. Àfi ìgbà tí àlejò jí.

Ó fún un ní mílíìkì. Ajá lá a tán, ó nu ẹnu, ó ké. Ó tẹ́ aṣọ rírọ̀ fún un. Ajá gorí ẹ̀, ó yí po, ó ké. Télọ̀ bá fa fóònù yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n. Fóònù ní ọkàn ìyá ajá tó máa ń lù kì-kì-kì ni ọmọ ń wá, pé kó fi aṣọ wé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Télọ̀ yọ aago ara ògiri, ó wé e dáadáa.

Kì, kà. Kì, kà.

Ajá tẹ́tí. Ó dákẹ́. Télọ̀ ti ń rẹ́rìn-ín.

Kì, wíín. Kì, wíín. Kì, wíín.

Ẹ̀rín ń pa mí! Ajá ti mú ohùn aago, ó ń gberin!

"Orí mi yìí," ni Télọ̀ wí, "kí n lè rí ibi gbé fìlà sí nìkan ni wọ́n ṣe fún mi."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ sú u, ó fa aṣọ kan yọ, ó gbé ajá sẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n. Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn náà ni. Ọkùnrin tó ní irùngbọ̀n, ó pọ̀n ajá!

Ajá bá dákẹ́ lọ́lọ́. Ó ń hanrun.

Télọ̀ jókòó sídìí máṣíìnì, ó ń ránṣọ lọ, kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ara tù ú. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan tó wá gba yúnífọ́ọ̀mù ti wọlé bá a.

"Haa! Télọ̀! Ẹ kú ewu ọmọ o! A ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó wà nílẹ̀!"

"Ẹ ṣé, mà." Kí ló ń dúpẹ́ fún, ẹ bá mi bi í!

"Kí lẹ bí? Ọkùnrin àbí obìnrin?"

"Ajá ni, mà."

Ojú nọ́ọ̀sì le. "Ẹ má pe ọmọ yín bẹ́ẹ̀ yẹn o! Bó ti wù kó rí, ẹ̀bùn Ọlọ́run ni!"

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ìrù yọ jáde nísàlẹ̀ aṣọ. Ó ń jù fìrù, fìrù, fìrù.

Nọ́ọ̀sì ò gba yúnífọ́ọ̀mù mọ́. Mi ò lè sọ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan àtẹ̀gùn.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé èèyàn ò lè máa pọn ajá títí ayé. Bí Télọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gé aṣọ, ajá á fẹ́ yọ́ gba orí ẹ̀ já sílẹ̀. Bó bá sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, wíín! Ohùn ọ̀hún sì ti sọ̀kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Màmá Onílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Màmá Onílé jẹ́ fún yín. Ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí èèyàn "ẹ káàárọ̀," wọn ò ní tíì kí i tán tí "ẹ káàsán" á fi bá a. Bàbá Onílé, ọkọ wọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ní láyé: "Dákẹ́." Télọ̀ máa ń gbọ́ ọ láti òkè. Àròyé á máa lọ bí omi ẹ̀rọ tí wọn ò tì, tó bá yá, Bàbá á ní, "Dákẹ́." Ilé á pa rọ́rọ́.

Màmá gun òkè wá pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn.

"Télọ̀! Ọmọ ta lò ń lù?"

"Mi ò lu ẹnikẹ́ni, mà. Ọmọ ajá ni."

"Ajá? Télọ̀ ni mo fún ní yàrá, mi ò fún ajá! Ó dáa. Lọ́sàn-án Sátidé, mò ń bọ̀ wá wọ aṣọ mi wò. Màá jókòó síbí yìí. Bí mo bá gbọ́ wíín, ẹyọ kan báyìí, ajá yẹn á padà síbi tó ti wá. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

Ó gbọ́, àmọ́ ó dùn ún. Nítorí ajá ọ̀hún ti lá a ní àtàǹpàkò, níbi tí abẹ́rẹ́ ti gún un. Àti pé láti ìgbà tí Télọ̀ ti wà ní yàrá yẹn, ère tó ń gbé aṣọ kọ́ nìkan ló ń bá a jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀. Ère ọ̀hún ò sì lórí.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ajá yín fẹ́ lé mi kúrò nílé."

"Ajá mi? Ajá ẹ! O ti fún un lórúkọ?"

"Orúkọ kẹ̀?"

"Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé òun lò ń bá wí? Fún un lórúkọ. Máa pè é jẹ́jẹ́, kí o sì máa fún un ní bísíkíìtì. Ó yá, má jẹ gbogbo bísíkíìtì ọ̀hún tán o, mo mọ̀ ẹ́."

Télọ̀ jókòó, ó ronú. Kóun máa pe orúkọ, kóun tún máa sọ pé kó dákẹ́, ẹnu á bó! Ló bá fò sókè.

"Dákẹ́! Dákẹ́ lorúkọ ẹ̀! Orúkọ nìyẹn, àṣẹ nìyẹn! Aṣọ kan ṣoṣo, ó borí, ó bo ẹsẹ̀!"

Ó ya fọ́tò ara ẹ̀ àti ajá. Ẹ wo ojú ọlọ́gbọ́n!

Wíín! "Dákẹ́!" Bísíkíìtì, gbámù! Ajá dákẹ́, ó ń jẹun. Wíín! "Dákẹ́!" Bísíkíìtì, gbámù! Kó tó di Sátidé, igbe òfo ti tán. Ajá á kàn jókòó, á máa wo Télọ̀ lẹ́nu.

"Mo ti tọ́ ọ yege," ni Télọ̀ wí.

Kò mọ̀ pé ẹ̀kọ́ tí òun ń kọ́ ajá kọ́ ni ajá ń kọ́. Lójú ajá, bísíkíìtì ló ń jẹ́ Dákẹ́. Bó bá ti gbọ́ ọ, á bèèrè tiẹ̀.

Sátidé pé. Màmá Onílé dé. Ajá wà nínú apẹ̀rẹ̀ àjákù aṣọ, kò mí fín. Màmá wọ aṣọ, Télọ̀ ń fi abẹ́rẹ́ mú ìdí aṣọ wọlé, abẹ́rẹ́ kún ẹnu ẹ̀. Màmá ń sọ̀rọ̀ láti orí géètì dé orí omi, láti orí omi dé orí ọ̀dà. Ajá ò ké. Inú Télọ̀ ń dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

"Ajá yìí mà tutù o," ni Màmá wí. "Kí lorúkọ ẹ̀?"

Télọ̀ yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó rẹ́rìn-ín.

"Dákẹ́, mà."

Wííín!

Màmá yí padà díẹ̀díẹ̀. "Èmi?"

"Rárá, mà! Ajá ni, mà! Dákẹ́!"

Wííín! Wííín!

"Ó pè mí lájá! Ó pè mí lájá, ó tún ní kí n dákẹ́! Èmi tí mo lè bí ọ, kí n tún bí ẹ̀gbọ́n ẹ lé e!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òun ló ń jẹ́ Dákẹ́!"

Wííííín!

Ariwo ta. Àtẹ̀gùn dún gbì, gbì, gbì. Bàbá Onílé yọrí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wo ìyàwó wọn, wọ́n mú ọ̀rọ̀ wọn kan ṣoṣo jáde.

"Dákẹ́."

WÍÍÍÍÍÍÍN!

Ajá fò jáde nínú apẹ̀rẹ̀, ó di Bàbá mú ní ṣòkòtò, ó ń gbóòórùn àpò wọn.

"Mo ní dákẹ́!"

WÍÍÍÍN! WÍÍÍÍN! WÍÍÍÍN!

Télọ̀ ti dorí kodò. Ó ti ń wá páálí bàtà tó máa fi gbé ọmọ padà. Àfi bí Màmá ṣe dákẹ́ fúnra wọn. Wọ́n wo ajá. Wọ́n wo ọkọ wọn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti etí ọ̀tún, ó ń rìn lọ sí tòsì.

"Télọ̀."

"Mà?"

"Ajá yìí ò lọ síbì kankan. Àmọ́ òfin mi ò yí padà o. Mi ò fẹ́ gbọ́ wíín nínú ilé yìí mọ́. Ẹni tó bá sọ ohun tó máa mú ọmọ yìí ké, ẹni yẹn ló máa kó jáde!"

Wọ́n fa ìjókòó, wọ́n jókòó, wọ́n bá ọ̀rọ̀ ọ̀dà lọ níbi tí wọ́n ti dá a dúró.

Bàbá Onílé la ẹnu. Wọ́n pa á dé.

Kò pẹ́ kò jìnnà, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Télọ̀ gbọ́ kó, kó, lára ilẹ̀kùn. Bàbá ni. Ojú wọn ti wọnú.

"Télọ̀, ọmọ mi, kí ni mo fi ṣẹ̀ ẹ́? O ò lè pe ajá yìí ní nǹkan mìíràn?"

"Bàbá, mo ti gbìyànjú, sà. Kò dáhùn."

"Kí ló máa ń mú un sùn fọnfọn?"

Télọ̀ wo ilẹ̀. "Ká pọ̀n ọ́n ni, sà."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Bàbá Onílé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀! Télọ̀ gbé ajá sí wọn lẹ́yìn, ó so aṣọ mọ́ wọn láyà gírígírí. Bàbá ń sọ̀kalẹ̀, wọ́n ń rọra jù ú sókè, wọ́n ń gbá a nídìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lórí àtẹ̀gùn, ta ni wọ́n pàdé? Nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀ wá gba yúnífọ́ọ̀mù.

"Haa! Bàbá! Ẹ̀yin náà? Ẹ kú ewu ọmọ o!"

"Ṣìì!" ni Bàbá wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni."

Wọ́n wọ pálọ̀. Orí ọ̀rọ̀ géètì ni Màmá wà, láti àárọ̀. Bàbá tẹ́tí sí ẹ̀yìn: ajá ń hanrun. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n fa àyà yọ.

"Ìyàwó mi, dá..."

Lẹ́yìn ọrùn wọn, etí ajá, èyí tó máa ń sùn yẹn, ó nàró.

"...dáadáa lò ń sọ ọ́. Máa bá a lọ."