Orogún Ni Mo Fẹ́

Láti àárọ̀ ni Ọ̀gá ti jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wọ kóòtù, ó so táì mọ́ ọrùn, ó ń wo ilẹ̀kùn. Òwò rẹ̀ ni kó máa wá ẹni tí yóò wà pẹ̀lú ẹni tó bá dá wà, kó sì gbowó rẹ̀. Lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé: ÈÈYÀN LAṢỌ. Ẹ WÁ GBA TIYÍN. Ìyá àgbà kan ti ilẹ̀kùn wọlé, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí tábìlì, ó jókòó, kò dúró kí ẹnikẹ́ni ní kí òun jókòó.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ ti dé ibi tó yẹ kí ẹ dé. Ìdánìkanwà yín ti parí lónìí!"

"Kò tíì parí. Àtẹ̀gùn yín yìí ló kọ́kọ́ fẹ́ parí èmi fúnra mi. Ṣé ìwọ lò ń bá èèyàn wá èèyàn?"

"Èmi gan-an ni. Ọ̀rẹ́ lẹ fẹ́ ni, àbí ọmọ? Àbúrò wà. Ẹni tó máa bá yín lọ sọ́sibítù wà. Ẹni tó máa rẹ́rìn-ín sí ìtàn yín wà, ẹ̀ báà ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá."

"Orogún ni mo fẹ́."

Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu Ọ̀gá, ṣùgbọ́n ó ti kúrò lójú rẹ̀.

"Ẹ ní kí ni?"

"Orogún. Kó lẹ́nu dáadáa."

"Háà, Màmá! Ẹ kú oríire o! Ṣé ẹ fẹ́ wọlé ọkọ ni?"

"Ta ló ń wọlé ọkọ?"

"Ṣebí ọkọ ló máa ń ṣáájú orogún."

"Ọkọ ti kú tipẹ́. Ọkọ wá, ọkọ lọ, orogún ló bá mi kalẹ́."

"Ẹ jẹ́ kó yé mi. Ọkọ ò sí."

"Kò sí."

"Orogún wá wà."

"Orogún náà ti kú. Ohun tó gbé mi wá síbí nìyẹn."

Ọ̀gá rọra fà sẹ́yìn lórí àga. Ó ti ka ìwé púpọ̀ lórí òwò, kò sì rántí ojú ewé tí èyí wà.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ̀yin méjèèjì rẹ́ gan-an nígbà ayé wọn?"

"Rẹ́ báwo? Láti ọjọ́ tó ti wọlé wa la ti ń jà. A jà lórí ọkọ. Ọkọ kú, a jà lórí ẹni tó sunkún jù. Ẹkún tán, a bẹ̀rẹ̀ sí jà lórí fèrèsé. Èmi á ní kó wà ní ṣíṣí, òun á ní kó wà ní títì. Ní báyìí, mo ṣí fèrèsé láàárọ̀, ilẹ̀ ṣú, kò sẹ́ni tó tì í. Mo dìde, mo lọ tì í fúnra mi. Mo wá bú ara mi pé ta ló ní kí n tì í." Ó fi etí ìró nu imú. "Wọ́n ní ilé tó bá tòrò, ọmọ àlè ibẹ̀ ni kò tíì dàgbà. Tèmi tòrò o, kò tilẹ̀ sí ọmọ àlè kankan níbẹ̀."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ṣé ẹ ò lọ́mọ ni?"

"Mo lọ́mọ. Òun gan-an ló ń lé mi kiri. Ó ní tó bá di Sátidé òun ń bọ̀ wá kó mi lọ sọ́dọ̀ òun, àfi tí mo bá rí ẹni tí a jọ máa gbé. Mo ti lọ sọ́dọ̀ wọn rí. Tí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wọn á jáde, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ fún mi, bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìyẹ. Tí mo bá lọ, wọ́n á ti ilé wa pa. Ilé tí èmi àti orogún mi ti jà títí a fi hu ewú! Mi ò lọ. Wá orogún fún mi."

Àánú ṣe Ọ̀gá. Àánú náà ò tíì jókòó dáadáa tí èrè fi dé, ó ní kó dìde.

"Màmá, ẹ ti là mí lójú! Orogún háyà! Kò sẹ́ni tó ń tà á ní gbogbo ayé yìí. Ẹ wo bí àwọn tí kò rẹ́ni bú ṣe pọ̀ tó! Ẹ fi ọkàn balẹ̀. Iṣẹ́ tí mi ò bá mọ̀, wọn ò tíì dá a sílẹ̀ ni."

"O mọ iṣẹ́ orogún?"

"Ẹ dán mi wò. Èmi ni orogún yín. Ó yá."

Màmá wò ó láti orí dé bàtà. "Kọ́kọ́ pòṣé."

Ọ̀gá pòṣé.

"Ìyẹn ni òṣé? Táyà tó ń jò nìyẹn. Pòṣé bí ẹni tí wọ́n jẹ ẹran rẹ̀!"

Ọ̀gá tún pòṣé, itọ́ ta sí táì rẹ̀.

"Ó sàn díẹ̀. Bú ọbẹ̀ mi."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Ọbẹ̀ yín… ó dà bíi pé iyọ̀ rẹ̀ fẹ́ pọ̀ díẹ̀."

"'Ẹ jọ̀ọ́' kẹ̀? Orogún wo ló ń sọ pé 'ẹ jọ̀ọ́'?"

"Mi ò lè rí àgbà fín, Màmá. Wọ́n kọ́ mi nílé."

"Ìṣòro rẹ nìyẹn. Orogún tèmi, wọn ò kọ́ ọ rárá." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Inú bí i lọ́jọ́ kan, ó pè mí ní 'ìwọ' lójú àwọn àlejò. Mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, mò ń wá èsì. Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un."

Ọ̀gá rí i pé ẹkún fẹ́ ba ọjà jẹ́. Ó fa dúrọ́ọ̀ yọ kíá, ó gbé ẹ̀rọ kan jáde, funfun, kò tóbi ju ife tíì lọ.

"Ẹ gbàgbé tèmi. Èyí ló máa yanjú ọ̀rọ̀ yín. Alábàárò lorúkọ rẹ̀. Tọ̀sán tòru ló ń sọ̀rọ̀. Kì í jẹun, kì í sùn, kì í bínú. Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Màmá tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹnu súnmọ́ ọn. "Ìwọ."

Ẹ̀rọ fi ohùn dídùn dáhùn pé inú òun dùn láti gbọ́ ohùn Màmá.

"O ò mọ̀ mí rí, kí ló ń dùn mọ́ ọ nínú?"

Ẹ̀rọ ní òótọ́ lọ̀rọ̀ Màmá.

"Òpònú ni ọ́."

Ẹ̀rọ dúpẹ́. Ó ní irú ìmọ̀ràn báyìí ló ń mú kí òun dára sí i.

Màmá gbójú sókè. "Ọ̀gá, ó ń dúpẹ́."

"Ìwà tútù ni, Màmá."

"Dúró ná." Ó tún tẹ̀ síwájú. "Oyin korò."

Ẹ̀rọ ní Màmá ti rí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò rí.

"Irọ́ ni, oyin ò korò."

Ẹ̀rọ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni, pé òun fẹ́ràn bí Màmá ṣe ń ronú.

"Ọ̀gá! Irú èyí, tí mo bá ṣubú kú sínú ilé, á ní mo mọ̀ ọ́n kú! Gbé e kúrò lójú mi. Ìwọ ẹ̀rọ, ó dàbọ̀, mò ń lọ kí obìnrin tó ń gbé lókè ilé wa."

Ẹ̀rọ ní oòrùn mú lóde, ṣé ẹsẹ̀ ò ní dun Màmá báyìí? Ó ní kí Màmá fara balẹ̀ jókòó, kí àwọn jọ tàkúrọ̀sọ díẹ̀ sí i.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Ẹ rí i bó ṣe gbọ́n! Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ lo ní kó má jẹ́ kí n lọ kí èèyàn?"

"Òwò ni, Màmá. Tí ẹ bá lọ kí obìnrin yẹn, ẹ lè dọ̀rẹ́. Tí ẹ bá dọ̀rẹ́, ta ló máa wá háyà? Ẹni tó bá ti rí èèyàn, àwa ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Bí àwọn tó dá wà bá ṣe ń pọ̀ lọjà wa ṣe ń yá."

"Tó bá jẹ́ dókítà ni ọ́, o ò bá máa fẹsẹ̀ kọ́ aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà, kó lè padà wọlé wá."

"Màmá, ìyẹn ti le jù."

"Kò tíì le." Ó nawọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri. "Wọ́n ní èèyàn laṣọ. Ìwọ ń bọ́ aṣọ lára wọn, o wá ń fi àkísà háyà fún wọn. O ò tilẹ̀ tijú, o tún kọ ọ́ sára ògiri."

Ọ̀gá tún táì rẹ̀ ṣe, bẹ́ẹ̀ kò sóhun tó ṣe táì. Ojú tì í gan-an, ó sì ń wá ibi tí yóò gbé ìtìjú náà sí.

"Ẹ má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ẹ̀rọ yìí dára. Ìyá tó bí mi gan-an, mo gbé ọ̀kan fún wọn."

Màmá, tó ti dìde, tó ń nawọ́ sí báàgì rẹ̀, dáwọ́ dúró.

"O ní ìyá láyé?"

"Mo ní."

"Ta ló ń bá a gbé?"

"Ẹ̀rọ."

"Ìgbà wo lo lọ kí i?"

"Ẹ̀rọ ni mo máa ń pè. Ó máa ń ní dáadáa ni ìyá mi wà. Láìpẹ́ yìí ni kò gbé ìpè mi mọ́. Ìyá mi ti jù ú sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi."

"Kí ló ṣe é?"

"Wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n jiyàn."

Màmá rọra fa àga, ó jókòó padà. "Kí ló dé tí o ò wá èèyàn tó máa bá a gbé?"

"Màmá, ta ló lè bá ìyá mi gbé? Ẹnu yẹn? Ayálégbé tó bá kó wọlé láàárọ̀, kó tó di alẹ́ á ti máa wá ilé mìíràn. Èmi fúnra mi, tí mo bá lọ, kí n tó bọ́ bàtà, wọ́n á ti bú irun mi, wọ́n á ti bú kóòtù mi, wọ́n á dé orí òwò mi."

"Kí ló sọ nípa òwò rẹ?"

Ọ̀gá wolẹ̀. "Wọ́n ní olè tó so táì ni mí."

"Háà!" Màmá dìde dúró. "Obìnrin yìí gbọ́n! Ó ń bú ọbẹ̀?"

"Èyí tí kò tíì jinná gan-an, wọ́n ti ń bú u."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Títì ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Wọ́n ní atẹ́gùn ló ń gbé òfófó wọlé."

Màmá fọwọ́ lé àyà. "Pè é."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò mọ ohun tí ẹ ń…"

"Mo ní pè é!"

Ọ̀gá tẹ fóònù bí ẹni tó ń tẹ ìrù ejò. "Ẹ káàsán, ìyá mi. Èmi ni… Rárá, mi ò fẹ́ yáwó… Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́… Mo mọ̀, ẹ má bínú… Rárá, mi ò tíì gé irun náà. Ẹnì kan fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

Màmá já fóònù gbà.

"Ẹ ǹlẹ́ o. Mo gbọ́ pé ẹ̀yin kì í fẹ́ kí fèrèsé ṣí… Kí ló kàn mí? Ó kàn mí nítorí ilé mi lẹ máa wá gbé, ṣíṣí sì ni tibẹ̀ máa ń wà!… Ta lorí rẹ̀ dà rú?… Ẹ tún un sọ!"

Ohùn tó wà nínú fóònù ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí Ọ̀gá fi gbọ́ ọ lódìkejì tábìlì. Ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ kí ìyá rẹ̀ fi agbára sọ̀rọ̀ báyìí. Inú rẹ̀ dùn, ó sì dùn ún pé àjèjì ni ìyá rẹ̀ ń bá sọ ọ́.

"Ọbẹ̀ ta ni ò lè dùn?" Màmá ti ń rìn káàkiri ọ́fíìsì, ó ti gbàgbé ẹsẹ̀ tí àtẹ̀gùn fẹ́ pa. "O ò tọ́ ọ wò rí! Wá tọ́ ọ wò!… Lọ́la gan-an! Gbé ìkòkò rẹ dání, tó bá jẹ́ pé o mọ nǹkan sè!… Ta nìwọ ń pè ní ìwọ?… Halo? Halo!"

Ó gbé fóònù kúrò létí, ó ń wò ó.

"Ó pa fóònù mọ́ mi létí."

"Mo ti sọ fún yín, Màmá. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀?" Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, eyín rẹ̀ sì wà níta. "Láti ọjọ́ tí orogún mi ti kú, gbogbo ayé ló ń rọra bá mi sọ̀rọ̀, bíi pé mo ti kú tẹ̀lé e. Ìyá rẹ ní òun ń bọ̀ lọ́la. Ó ní kí n gbá yàrá tòun dáadáa, pé láti inú ohùn mi lòun ti mọ̀ pé ọ̀bùn ni mí."

"Ẹ ò ní pa ara yín báyìí?"

"Ahọ́n àti eyín ń jà, inú ẹnu kan náà ni wọ́n ń gbé. Kí ọmọ mi dé ní Sátidé, kó wá bá wa nínú ariwo. Á mọ̀ pé mo ti rí ẹni." Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó kọjú sí ilẹ̀kùn. "Ìwọ náà máa wá kí wa. Èèyàn ni kí o wá o, má rán ẹ̀rọ."

"Mo máa wá, Màmá." Ọ̀rọ̀ náà sì ti inú rẹ̀ wá. Ó nu ojú rẹ̀, ó nu imú rẹ̀, ó rántí iṣẹ́ rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Màmá, ṣebí èmi ni mo bá yín wá wọn. Owó iṣẹ́ mi ńkọ́?"

Màmá yí padà lẹ́nu ọ̀nà.

"Owó? Ẹ wo ọmọ orogún mi! Mi ò tíì fojú kan ìyá rẹ o, o ti jọ ọ́ tán!"