Kòkòrò Kan Ò Fẹnu Kan Kábéèjì Akọ̀wé Rí

"Láti ìgbà tí mo ti di àgbẹ̀, kòkòrò kan ò fẹnu kan kábéèjì mi rí! Bí wọ́n bá dé ẹ̀bá oko mi, wọ́n á dúró, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì yí padà. Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú wọn tó máa ń ṣí fìlà!"

Ohun tí Akọ̀wé kọ́kọ́ wí nìyẹn nígbà tí ẹjọ́ kan já wọ ààfin lánàá. Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín títí, ọ̀kan nínú wọn ń wá eyín rẹ̀ nílẹ̀.

Ọdún méjìlélógún ni Akọ̀wé yìí fi lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà nílé ìfìwéránṣẹ́. Ó lù ú títí tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fi ń lu tábìlì fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń jẹun. Lọ́jọ́ kan ló gbin ẹ̀wà ẹyọ kan sínú agolo lójú fèrèsé ọ́fíìsì. Ẹ̀wà hù, orí Akọ̀wé dàrú. Ó fiṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ilẹ̀ lẹ́yìn ààfin, níbi tí Kábíyèsí ti ń pín in fún ẹni tó bá fẹ́ dáko láìlo kẹ́míkà. Ilẹ̀ náà kéré débi pé bí Akọ̀wé bá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wà lóko ẹlòmíì. Gbogbo èèpo tó bá jáde ní kíṣìnnì ló ń kó lọ síbẹ̀ kó lè jẹrà di ajílẹ̀. Àwọn ará ilé máa ń gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ogójì kábéèjì ló wà lóko ọ̀hún, ó sì mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ìyá ṣe ń mọ ọmọ.

Ilẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sì ti kìlọ̀ fún un: bí oko bá bọ́, ó ń padà sídìí òǹtẹ̀ nìyẹn. Etí rẹ̀ ti ń gbọ́ ìró òǹtẹ̀: pá, pá, pá.

Ìyá Aránṣọ, tí oko tirẹ̀ fara kan ti Akọ̀wé, ló pè é lẹ́jọ́.

"Kábíyèsí, ẹ bá mi lé ọkùnrin yìí kúrò lórí ilẹ̀ yẹn. Gbogbo kòkòrò tó bá ṣà lára kábéèjì rẹ̀, oko mi ló ń dà á sí. Àràárọ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko! Mo kọ́kọ́ rò pé òjò ni."

"Òjò kẹ̀?"

"Ó bọ́ sí mi lórí, Kábíyèsí. Mo fọwọ́ kàn án, ó ń rìn."

Kábíyèsí yíjú. "Akọ̀wé, ṣé o dà á?"

"Mi ò dà á o! Mo kàn ń sìn wọ́n sọ́nà ni."

"Ṣebí ìwọ lo ní wọn kì í dé oko rẹ?"

"Ẹ̀bá rẹ̀ ni wọ́n ń dé, Kábíyèsí. Àlejò ni wọ́n. Wọ́n ṣìnà, wọ́n ń wá ilé Ìyá Aránṣọ. Mo wá ṣàánú wọn, mo mú wọn délé."

"O mú wọn délé, àbí o jù wọ́n?"

"Ẹsẹ̀ wọn kúrú, Kábíyèsí. Mo bá wọn dín ìrìn kù ni."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan!" Ìyá Aránṣọ pàtẹ́wọ́. "Kábíyèsí, mo mú méje nínú wọn, mo fi ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sáṣọ fa ìlà sí wọn lẹ́yìn. Mo dá wọn padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tílẹ̀ mọ́, àwọn méjèèje ti wà lóko mi, tìlà-tìlà!"

"Báwo lo ṣe dá wọn padà?"

Ìyá Aránṣọ wúkọ́. "Mo… mo jù wọ́n ni, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀."

Ìjòyè tó ń wá eyín gbé orí sókè. "A jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ò tíì fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Àwọn gan-an ló yẹ kó pẹjọ́."

Wọ́n pe Onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà létí oko.

"Kedere ni mo rí i, Kábíyèsí. Akọ̀wé ló ń jù ú sọ́dọ̀ Ìyá Aránṣọ."

"O kọjú sí oko nígbà náà?"

"Rárá o, mò ń gẹrun fún oníbàárà. Inú dígí ni mo ti rí wọn."

"Nínú dígí, ṣé ọwọ́ ọ̀tún kì í di ọwọ́ òsì?"

Onígbàjámọ̀ wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó yí wọn po. "Háà! A jẹ́ pé Ìyá Aránṣọ ló ń jù ú sọ́dọ̀ Akọ̀wé."

"Onígbàjámọ̀! O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé Akọ̀wé ni!"

"Ẹ má bínú, Ìyá Aránṣọ. Ó lè jẹ́ ẹ̀yin méjèèjì. Ó sì lè jẹ́ irun oníbàárà ló ń fò."

"Oníbàárà náà ńkọ́?" ni Kábíyèsí bi í. "Kí ló rí?"

"Kò ráyè wo nǹkan kan, Kábíyèsí. Etí rẹ̀ ló dì mú."

Ni ara Akọ̀wé bá yá gágá. Ó ti rí i pé ẹjọ́ ti fẹ́ gbè é. Ká ní ó lè panu mọ́ ni! Ṣùgbọ́n ẹnu Akọ̀wé kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó fò sókè.

"Ẹ pe ìyàwó mi! Ó mọ̀ mí tinú tòde!"

Ìyàwó rẹ̀ bọ́ síwájú, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, ọkọ mi kì í purọ́." Akọ̀wé gbé àyà sókè. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀ ló kàn máa ń tóbi ju ẹnu ẹ̀ lọ. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi bi í léèrè nẹ́ẹ̀tì wa ni."

"Nẹ́ẹ̀tì wo?"

"Èyí tá a fi ń bo bẹ́ẹ̀dì nítorí ẹ̀fọn. Ó tú u lọ, ó fi bo kábéèjì. Ẹ̀fọn ti jẹ èmi àtàwọn ọmọ tán. Àbíkẹ́yìn mi bi mí pé, 'Màámi, ṣé kábéèjì làkọ́bí yín ni?'"

Ààfin ya lẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín.

"Akọ̀wé," ni Kábíyèsí wí jẹ́ẹ́jẹ́, "oko tí kòkòrò ò dé rí, kí ni nẹ́ẹ̀tì ń wá níbẹ̀?"

"Nítorí oòrùn ni, Kábíyèsí."

"Nẹ́ẹ̀tì tó kún fún ihò ló ń dí oòrùn?"

"Oòrùn kéékèèké ni."

Kábíyèsí mi orí. "Ó dáa. Mo gbà ọ́ gbọ́." Ẹnu ya gbogbo ilé. "Ìwọ lo ní kòkòrò ò fẹnu kan kábéèjì rẹ rí. Nítorí náà, èyí tí kò bá níhò lára lẹ́yìn ààfin yìí, tìrẹ ni. Èyí tó bá níhò kì í ṣe tìrẹ, ti Ìyá Aránṣọ ni. Ẹ̀yin ẹ̀ṣọ́, ẹ gbé apẹ̀rẹ̀, ẹ lọ fà wọ́n tu."

Ẹ̀ṣọ́ méjì gbé apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀nà oko.

Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í ka kábéèjì nínú ọkàn. Àkọ́kọ́, ihò mẹ́tàdínlógún. Ìkejì, èèyàn lè fi í sẹ́ ìyẹ̀fun. Ìkarùn-ún, ihò nìkan ló kù, ewé ti lọ. Kò tíì ka mẹ́wàá tí òógùn fi bò ó.

"Kábíyèsí, ẹ jọ̀ọ́, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan tàbí méjì ti tọ́ ọ wò."

"Mélòó?"

"Wọ́n jẹ ẹ́!" Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Wọ́n jẹ gbogbo ẹ̀, Kábíyèsí! Wọ́n yó ju èmi lọ! Àgbẹ̀ wo ni mí? Kòkòrò ló ń dáko, èmi ni lébìrà wọn. Tí mo bá tiẹ̀ ń ṣà wọ́n, wọ́n á máa wò mí bí ìgbà tí ẹni tó ń tún tábìlì ṣe dé. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ fa àwọn kábéèjì mi tu. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ewé jọ ni!"

"A jẹ́ pé o purọ́ níwájú mi."

"Mo pa díẹ̀."

"Ìdájọ́ rẹ rèé. N ò ní gba ilẹ̀ rẹ. N ò ní gba kábéèjì rẹ. Ṣùgbọ́n láti òní lọ títí ọdún á fi yípo, gbogbo oko mẹ́tàlélọ́gọ́ta tó wà lẹ́yìn ààfin, ìwọ ni wàá máa fọwọ́ ṣa kòkòrò wọn, tìrẹ, ti Ìyá Aránṣọ…"

Akọ̀wé ò dúró gbọ́ ìyókù. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti lọ tapẹ̀rẹ̀tapẹ̀rẹ̀! Ó dìde, ó fo ẹsẹ̀ Onígbàjámọ̀, ó gba abẹ́ apá ìjòyè kan kọjá, bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù síwájú ìtẹ́, ó ti bá ẹnu ọ̀nà jáde.

"Ẹ mú un!" ni àwọn ìjòyè ń pariwo. "Ó ń sá fún ìdájọ́!"

Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn lójú fèrèsé.

"Ẹ fi sílẹ̀, Kábíyèsí. Ọ̀nà oko ló gbà." Ó pòṣé, ó lọ mú bàtà náà nílẹ̀. "Ọdún méjìlélógún tó fi lọ sí ọ́fíìsì, mi ò rí i kó sáré débẹ̀ rí."